Ìtọ̀ Mímọ́ Kò Sọ Pé Ẹ̀jẹ̀ Mọ́

Bàbá kan tó ń lẹ táyà ní Iléṣà ló kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo yọ ibi tí ẹnikẹ́ni fi lè dá a mọ̀ kúrò, ohun tó ṣẹ́kù nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ ológeere ju oúnjẹ lọ. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gùn ún láti Iléṣà dé Ifẹ̀, wọ́n á tún gùn ún padà. Ó ní òun máa lọ sókè òkun lọ fi kẹ̀kẹ́ jẹun bíi ti Biniam Girmay, ọmọ Eritrea yẹn. Mò ń bá a yọ̀, àfi ìgbà tí mo gbọ́ pé kóòṣì wọn gún un ní abẹ́rẹ́ kan, ó pè é ní abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀. Mo bínú lọ bá a. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ohun tí àwọn ará Yúróòpù ń lò ju ìyẹn lọ, pé ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀dẹ́gbẹ̀ta ni Armstrong tọ̀ sínú ìgò fún wọn, wọn ò rí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ni àyẹ̀wò náà wá wà fún? Àbí rìbá ni wọ́n ń gbà?"

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni kóòṣì yẹn dì pọ̀ fún yín bí ẹni di ẹrù ọjà, ó wá to òótọ́ sí ojú ẹrù. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ìtọ̀ Lance Armstrong, ọlọ́kẹ̀kẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tó gba Tour de France, eré kẹ̀kẹ́ tó lókìkí jù láyé, lẹ́ẹ̀meje, fi ń jáde láìsí wàhálà. Pé àyẹ̀wò kò wúlò nítorí ìyẹn, irọ́ ni. Pé abẹ́rẹ́ tòun náà kò lè ṣe ọmọ yín ní nǹkan, ìyẹn ló kọ mí lóminú jù, màá sì padà sórí rẹ̀. Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀: ọdún 31 ni mo lò nínú yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kan kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ní yàrá àyẹ̀wò kékeré kan ní Lágere, ní Ifẹ̀, báyìí. Mi ò ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń yẹ eléré ìdárayá wò rí. Ẹ̀jẹ̀ ni mo mọ̀. Ìtàn àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ tí mo máa sọ, mo ti ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn nínú ìròyìn àti ìwé ìdájọ́ láti 1998, torí pé ọmọ kẹ̀kẹ́ ni èmi náà. Raleigh bàbá mi ni mo gùn lọ sí iléèwé, ẹsẹ̀ mi kò sì tíì tó ilẹ̀ nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé ọmọ tí ibà ń ṣe lọ sí ọsibítù rí, ẹ ti gbọ́ "PCV." A máa ń fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín, a ó dí i nídìí, a ó gbé e sínú ẹ̀rọ kan tó ń yí bí òòyì fún ìṣẹ́jú 5. Bí ẹ̀rọ bá dúró, ẹ̀jẹ̀ á ti pín: omi rẹ̀ tó ní àwọ̀ ìyeyè á wà lókè, pupa á jókòó sísàlẹ̀. Ìwọ̀n tí pupa kó nínú 100 ni PCV. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá máa ń wà láàárín 40 sí 50. Ọmọdé tí ibà ti jẹ lẹ́jẹ̀ lè bọ́ sí 15, gbogbo wa á sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Pupa yìí ló ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ fún iṣan, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè fi máa ń wá bí yóò ṣe pọ̀ sí i. Kíndìnrín ló máa ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kó pèsè pupa, orúkọ ońṣẹ́ rẹ̀ ni erythropoietin, tí wọ́n gé kúrú sí EPO. (Lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ máa pè lọ́kọ̀ọ̀kan o. Ẹnì kan tí mo ń ṣàlàyé fún ní Sábó bi mí pé ṣé epo pupa ni àbí èyí tí wọ́n ń bù sí mọ́tò.) Láti 1989 ni wọ́n ti fọwọ́ sí irú rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ń ṣe, ní Amẹ́ríkà, fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti rí i tó gbé aláìsàn dìde. Obìnrin kan wà tí PCV rẹ̀ kì í kúrò ní 18. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí wọ́n ti ń gún un, ó di 30, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá gba èsì lọ́wọ́ mi. Oògùn rere ni. Ìgbà tí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ pé, tí PCV rẹ̀ ti wà ní 45, bá gún un ni ẹ̀jẹ̀ á ki bí ògì tí omi rẹ̀ kéré, tí ọkàn á máa tì í pẹ̀lú ìnira. Ẹ wá fi òógùn ọ̀sán kún un. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì nínú ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn, ọmọ ogún ọdún ni ìbáà jẹ́.

Ibi tí ó ti di ìṣòro fún àwọn aláyẹ̀wò ni pé ara ẹ̀dá náà ń ṣe EPO. Oògùn tí ara kì í ṣe fúnra rẹ̀ rọrùn láti mú. Bí ẹ bá ti rí i nínú ìtọ̀, àlejò ni, ẹni tó ni ìtọ̀ ló gbé e wọlé. Irú wọn ni amphetamine, oògùn amárají, tó pa Tom Simpson, ọlọ́kẹ̀kẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí òkè Ventoux ní Faransé ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 1967. Oògùn náà kò fún un lágbára kan tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ó kàn pa ẹnu ara rẹ̀ mọ́ tí kò fi lè sọ pé ó ti tó, nínú ooru tó mú gan-an, pẹ̀lú ọtí tó ti mu. Ṣùgbọ́n EPO inú ìgò àti EPO inú ara jọra bí ìbejì. Ọdún 2000 ni yàrá àyẹ̀wò kan ní ilẹ̀ Faransé tó rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìtọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 títí di ìgbà náà, ọlọ́kẹ̀kẹ́ lè gún EPO láàárọ̀, kó tọ̀ sínú ìgò lálẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Òfin ti kà á léèwọ̀, ojú tí wọ́n máa fi rí i ni kò tíì sí.

Ohun tí UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ṣe ní 1997 ni ohun tí àwa náà ì bá ṣe ní Lágere: wọ́n gbé ẹ̀rọ PCV jáde. Ọkùnrin tí tirẹ̀ bá ti kọjá 50, kó lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọn ò pè é ní olè, wọ́n ní nítorí ìlera rẹ̀ ni. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọmọ aráyé ti rí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ 42 rí i pé àyè ṣì wà, ó sì ń bu EPO sí i títí tó fi kan 49. Ẹgbẹ́ ọlọ́kẹ̀kẹ́ ń gbé ẹ̀rọ PCV kékeré kiri nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń yẹ ara wọn wò lálẹ́ kí aláyẹ̀wò tó kan ilẹ̀kùn láàárọ̀. Ìṣòro kejì ni pé PCV kì í dúró lójú kan. Ọmọ yunifásítì kan tó máa ń sáré ọ̀nà jíjìn wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èsì rẹ̀ jáde ní 53, ẹ̀rù sì bà á. Mo bi í pé ibo ló ti ń bọ̀. Ó ní òun sáré wá láti ìkọjá Mọdákẹ́kẹ́, òun ò mu nǹkan kan. Mo fún un ní omi inú ọ̀rá mẹ́ta, mo ní kó jókòó sábẹ́ fáànù fún wákàtí méjì. Nígbà tí mo tún un yẹ̀ wò, 48 ni. Pupa rẹ̀ kò dín, omi ló padà sáyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin òde òní fi ní kí wọ́n má fa ẹ̀jẹ̀ eléré ìdárayá àfi tó bá ti sinmi fún àkókò kan lẹ́yìn eré, kó sì ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10.

Ẹni tó bá wá mọ̀ pé omi lè sọ 53 di 48, ó ti mọ ọ̀nà àtisá. Àwọn tó bá Armstrong ṣiṣẹ́ jẹ́rìí pé ní ìdíje àgbáyé 1998, dókítà ẹgbẹ́ wọn fi aṣọ òjò bo líta omi iyọ̀ kan, ó gbé e kọjá níwájú òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò, ó sì fà á sí Armstrong lára kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Omi tí a ń fà sí ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe lára ni wọ́n fi la ẹ̀jẹ̀ bí ẹni la ọbẹ̀. Marco Pantani, ọmọ Ítálì tó ń gun òkè bí ewúrẹ́, kò rí omi rẹ̀ là ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 1999. Ìpele méjì ló kù kó gba ife Giro, eré kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Ítálì, PCV rẹ̀ jáde ní 52, wọ́n lé e lọ sílé. Kò bọ̀ sípò mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ní oṣù Kejì 2004, kokéènì pa á nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan ní Rimini, ẹni ọdún 34. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń fi í ṣe àpẹẹrẹ olè nìkan, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá a díje nígbà náà ni àṣírí tiwọn náà padà tú.

Ẹ jẹ́ ká dé orí Armstrong tí kóòṣì fi ń fọ́nnu. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń pariwo 500 yẹn. Iye tí àwọn àjọ tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ sílẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Kì í sì ṣe òótọ́ pé wọn ò rí nǹkan kan. Ní 1999 wọ́n rí oògùn ìdílé cortisone nínú ìtọ̀ rẹ̀, ó mú ìwé dókítà wá pé ìpara egbò ìdí ni, ìwé tí wọ́n fi ọjọ́ ẹ̀yìn kọ, wọ́n sì gbà á. Ìtọ̀ 1999 yẹn kan náà wà nínú fìríìjì títí ọgbọ́n tuntun fi dé; ní 2005, ìwé ìròyìn L'Équipe gbé e jáde pé nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò, EPO wà nínú rẹ̀. Ní ti rìbá tí ẹ béèrè, ó fún UCI ní ẹ̀bùn owó lẹ́ẹ̀mejì, àpapọ̀ rẹ̀ 125,000 dọ́là. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, tó sì gbé àbọ̀ jáde ní 2015, kò rí ẹ̀rí pé wọ́n fi owó náà bo àyẹ̀wò kankan mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ láìfi bò pé wọ́n ṣojúsàájú fún un. Lójú tèmi, ẹni tó ń ṣọ́ ọjà kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà, kódà bó jẹ́ obì kan.

Ẹnu àwọn ènìyàn ló wá mú un. Ní oṣù Kẹwàá 2012, USADA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, kó ìwé tó lé ní 1,000 ojú ewé jáde. Ẹlẹ́rìí 26 ló wà nínú rẹ̀, 11 nínú wọn jẹ́ ẹni tó bá a gun kẹ̀kẹ́ nínú ẹgbẹ́ kan náà. Kí oṣù yẹn tó parí, UCI ti gba ife Tour méjèèje tó gbà láti 1999 dé 2005. Ní oṣù Kìíní 2013 ó jókòó síwájú Oprah, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: EPO, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára, testosterone, gbogbo rẹ̀. Nítorí náà bí kóòṣì yín bá tún dárúkọ Armstrong, ẹ bi í léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí.

Kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n mú láìti inú ìgò. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 1998, àwọn aṣọ́bodè dá mọ́tò kan dúró láàárín ẹnubodè Belgium àti Faransé. Willy Voet tó ń wọ́ra fún àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ Festina ló wà á, EPO àti oògùn oríṣiríṣi ló sì kún ẹ̀yìn mọ́tò. Wọ́n lé odidi ẹgbẹ́ náà kúrò nínú Tour, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ wọn kò tíì sọ nǹkan kan. Ní 2006, ọlọ́pàá ilẹ̀ Spéènì wọlé ti dókítà Eufemiano Fuentes ní Madrid, wọ́n sì bá àpò ẹ̀jẹ̀ àti omi ẹ̀jẹ̀ tó lé ní 200 nínú fìríìjì. Ẹ̀jẹ̀ ara wọn ni o. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ wọn nígbà tí eré kò sí, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà sínú ara nígbà tí eré bá gbóná. Èmi tí mo ṣọ́ báńkì ẹ̀jẹ̀, inú mi ru nígbà tí mo ka ìròyìn náà. Lọ́dọ̀ wa, àpò ẹ̀jẹ̀ kan ní ọjọ́ 35 péré nínú fìríìjì, ó sì ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń bẹ ọkọ aláboyún, tí a ń bẹ àbúrò ọkọ, tí a tún ń bẹ awakọ̀ tó gbé wọn wá, kí wọ́n tó dá àpò kan pé.

Ní 2008 ni UCI yí ọgbọ́n padà, ibi yìí sì ni mo ti máa dá kóòṣì yín lóhùn gan-an. Wọ́n ní dípò ká máa lé oògùn tó ń sá kiri nìkan, ẹ jẹ́ ká jókòó ti ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n pè é ní páspọ́ọ̀tì ẹ̀jẹ̀. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, wọ́n ń kọ èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí i lọ́dún dé ọdún, wọ́n sì ń fi òní rẹ̀ wé àná rẹ̀, dípò kí wọ́n fi í wé 50 tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Iṣẹ́ tí a ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Aláboyún tó bá ti ń ní 36 láti oṣù kẹta, tó wá ní 28 lónìí, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi kí n tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ẹlòmíì á wọlé pẹ̀lú 31, mi ò ní mira, torí ibẹ̀ ló ti ń bọ̀ látọdún yìí. Wọ́n tún ń ka àwọn ọmọ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú mùdùnmúdùn, tí kò tíì pé ọjọ́ méjì. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kúrò, mùdùnmúdùn á dáyà fò, á máa rọ́ ọmọ tuntun jáde. Bí wọ́n bá dá ẹ̀jẹ̀ padà sí i lára, pupa á pọ̀ ṣùgbọ́n ọmọ tuntun á wọ́n, torí mùdùnmúdùn rí i pé ilé ti kún, ó sì fọwọ́ lẹ́rán. Ẹni tí àgbà rẹ̀ pọ̀ tí ọmọ rẹ̀ sì ti tán lójijì ní àlàyé láti ṣe. Amòye mẹ́ta tí wọn kò mọ orúkọ ẹni náà ni wọ́n máa ń gbé ìwé náà fún, kí ojú má baà mọ ojú.

Kí ẹ̀jẹ̀ náà tó ṣeé yẹ̀ wò, ẹ gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ni ín nílé, ó sì yẹ kí ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ ìyẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí àwọn òṣómàáló ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, tí wọn ò ní dìde àfi tí owó bá jáde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláyẹ̀wò báyìí. Àwọn tó wà nípò gíga nínú eré náà gbọ́dọ̀ kọ ibi tí wọn yóò wà sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì yan wákàtí kan, láàárín aago 5 òwúrọ̀ sí 11 alẹ́, tí ẹnikẹ́ni lè fi kan ilẹ̀kùn láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí wọn ò bá bá ọ nílé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù 12, ó di ẹ̀ṣẹ̀, oògùn ìbáà má sí lára rẹ. Michael Rasmussen, ọmọ Denmark, wọ ẹ̀wù ìyeyè, ẹ̀wù ẹni tó wà níwájú, nínú Tour 2007, ó kù díẹ̀ kó gbà á. Ó ti sọ pé Mexico ni òun wà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, oníròyìn Ítálì kan sì ní òun rí i lórí òkè ní Ítálì lákòókò náà. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló yọ ọ́ kúrò lóru. Bí wọ́n bá sì bá ọ nílé, kò sí ìtìjú níbẹ̀: wàá ká ẹ̀wù sókè dé àyà, wàá rọ ṣòkòtò sí orúnkún, ọkùnrin bíi tìrẹ á dúró máa wò ó bó ṣe ń jáde. Ó kéré tán 90 mílílítà. Ìwọ fúnra rẹ ló máa pín in sínú ìgò A àti ìgò B, tí wàá dè é pa, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n yí i. Wọ́n sì lè tọ́jú ìgò náà fún ọdún 10, kí wọ́n máa dúró de ọgbọ́n tí kò tíì sí lónìí.

Ṣé ó wá tó? Mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹni tó bá ń gún EPO bíńtín-ín sí iṣan ẹ̀jẹ̀ lálẹ́, tó sì mọ bí á ṣe pín in, lè bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, torí ó ń tètè kúrò nínú ìtọ̀, páspọ́ọ̀tì náà kò sì lè rí ìgbì kékeré. Nínú Tour 2024, Tadej Pogačar, ọmọ Slovenia, gun òkè Plateau de Beille, ó sì fi ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 3 yá ju àkókò tí Pantani lò ní 1998. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín ni. Èmi mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ti yàtọ̀, táyà ti yàtọ̀ (ẹ̀yin lẹ mọ ìyẹn jù mí lọ), oúnjẹ orí kẹ̀kẹ́ ti yàtọ̀ pátápátá, kò sì sí àyẹ̀wò kan tó mú un. Mi ò ní búra fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní fẹ̀sùn kan ẹni tí wọn ò bá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé gbogbo nǹkan tí àwọn 1996 ń ṣe ní gbangba òtẹ́ẹ̀lì, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é báyìí á ṣe é díẹ̀díẹ̀ nínú ìbẹ̀rù, àǹfààní tó sì máa rí níbẹ̀ ti kéré sí ti ìgbà yẹn. Fún àwa ọmọ Nàìjíríà, àyẹ̀wò tún ti di ìwé àṣẹ ìrìnnà. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo ní 2021, 10 nínú àwọn eléré orí pápá wa ni wọn kò jẹ́ kó díje. Wọn ò bá oògùn lára wọn. Wọn ò tíì yẹ̀ wọ́n wò tó iye ìgbà tí òfin sọ kí wọ́n tó débẹ̀ ni.

Lẹ́yìn oògùn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lò, èyí tí wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ lò tún wà, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ọmọ yín ti ń bà mí. Òfin wọn ni pé ohun tí wọ́n bá bá nínú ara rẹ, tìrẹ ni, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ló bù ú sí ọ lóúnjẹ. Ní 2010 wọ́n rí clenbuterol, oògùn èèwọ̀ kan, nínú ìtọ̀ Alberto Contador, ọmọ Spéènì tó gba Tour lọ́dún náà, 50 picogram nínú mílílítà kan, ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ àwa níbí kò lè lálàá rẹ̀. Ó ní ẹran màlúù ni. Ilé ẹjọ́ eré ìdárayá gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú oògùn afúnnilókun kan tó lò ló gbà wọlé, síbẹ̀ wọ́n gba ife Tour lọ́wọ́ rẹ̀. Nítòsí ilé, Damola Ọ̀sáyọ̀mí tí wọ́n bí ní Iléṣà yín níbẹ̀ gba góòlù 100 mítà obìnrin ní ìdíje Commonwealth ní Delhi ní 2010, wọ́n gbà á padà nítorí methylhexaneamine, oògùn amárají kan. Ẹ wá wo bí àwa ṣe ń lo oògùn. Tramadol tí àwọn ọlọ́kadà ń jẹ kí òòrùn má baà rẹ̀ wọ́n, UCI ti kà á léèwọ̀ láti oṣù Kẹta 2019. Òun ló mú kí Nairo Quintana, ọmọ Colombia, pàdánù ipò kẹfà tó gbà nínú Tour 2022. Dexamethasone, hóró tí àwọn tó fẹ́ sanra ń rà láìsí ìwé dókítà, èèwọ̀ ni lọ́jọ́ eré. Dírípù tí a máa ń ní kí nọ́ọ̀sì àdúgbò wá so nígbà tí ó bá kàn rẹ̀ wá, èèwọ̀ ni bó bá ti ju 100 mílílítà lọ láàárín wákàtí 12, àfi tó bá jẹ́ ìtọ́jú gidi ní ọsibítù. Àpò kan tí wọ́n ń so sì jẹ́ 500. Àgbo inú ìgò tí kò ní orúkọ, mo ti rí ẹni tó ń lọ táblẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn pẹ̀lú ojú mi. Oògùn ibà tí a mọ̀, kò sí wàhálà. Obì, kó máa jẹ ẹ́. Láti 2004 ni wọ́n ti yọ káféènì kúrò nínú èèwọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi tí àwọn ìyá ń rà fún ọmọ kò sí lórí ìwé èèwọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní fi ohunkóhun kún ẹ̀jẹ̀ ẹni tí irin inú rẹ̀ ti pé.

Abẹ́rẹ́ kóòṣì wá ńkọ́? Nǹkan mẹ́ta ló lè jẹ́. Bó bá pupa bí zobo, fítámì ni. Bó bá dúdú bí mọ́ọ̀tì, irin ni, èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gún níta ọsibítù, torí ó lè ká ènìyàn mọ́ ibi tó jókòó sí. Bó bá mọ́ lóló bí omi, tó ń gbé e jáde láti inú kúlà oníyìnyín, ẹ fura. EPO wọ́n, kò sì wọ́pọ̀ ní ìgboro wa, nítorí náà ọkàn mi kò lọ síbẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ayédèrú rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò wọ́n. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, UCI ti fòfin de gígún ọlọ́kẹ̀kẹ́ lábẹ́rẹ́ tí kì í ṣe ti ìtọ́jú àìsàn láti 2011, kóòṣì tó bá sì gún ọmọ tí kò tíì pé 18 ní oògùn èèwọ̀ lè bá ìfòfindè títí ayé pàdé. Ẹ sọ ìyẹn fún un, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Àwọn kan máa gbà yín níyànjú pé kí ẹ gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Mi ò bá wọn fọwọ́ sí i. Ọmọ ọdún 17 tí wọ́n gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á lọ yá ti ẹlòmíì, kò sì ní sọ ohun tí wọ́n gún un mọ́ fún yín. Kóòṣì ni kí ẹ pààrọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé wọn ò pọ̀ ní Iléṣà, ó sì lè gba oṣù díẹ̀ tí yóò fi máa dá gùn ún.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó wáyé, ẹ wá ìgò abẹ́rẹ́ náà, òfìfo rẹ̀ pàápàá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ẹ mú un wá sí Lágere pẹ̀lú ọmọ náà, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kó mu omi dáadáa kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì jọ wọ mọ́tò wá láàárọ̀. Kó má gun kẹ̀kẹ́ náà wá o. Bó bá fi kẹ̀kẹ́ gun àwọn òkè ojú ọ̀nà yẹn dé ọ̀dọ̀ mi nínú òòrùn, 53 ló máa jáde, èmi àti ẹ̀yin á sì kàn jókòó sábẹ́ fáànù fún wákàtí méjì.